Ìrọ̀lẹ́ Tó Di Òwúrọ̀ Mọ́ Alálàyé Lọ́wọ́

Ẹni tí kò bá tíì dúró ti àwòrán kan ṣoṣo fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí ó jọ̀wọ́ má fi Alálàyé ṣe yẹ̀yẹ́. Alálàyé fúnra rẹ̀ ti ṣe èyí tó tó gbogbo wa. Bí ẹ bá bá a lórí àga onígi rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹta ní ilé àwòrán ìlú, tí ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á dáhùn pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa sọ ohun tí òun kò mọ̀ fún àwọn tí kò lè já òun nírọ́. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tó kọ́ ọ. Nígbà tí wọn ò tíì nu àwòrán yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ bá a ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá ní odindi ọ̀sán kan láti fi gbọ́ àlàyé.

Aṣọ́nà ni wọ́n kúkú gbà á fún. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà, aṣọ iṣẹ́ méjì aláwọ̀ eérú, àti àga kan. Ó ti jókòó jẹ́jẹ́ fún oṣù mẹ́rin kí òjò tó lé obìnrin kan tó mú agbòjò dání wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Obìnrin náà dúró níwájú àwòrán tó kọjú sí fèrèsé, ó wò ó, ó tún wò ó, ó yíjú sí aṣọ́nà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni àwòrán yìí ń sọ gan-an?" Aṣọ́nà ì bá ti sọ pé òun ò mọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ó dìde, ó fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó wúkọ́ bí ẹni ńlá, ó ní, "Ìrọ̀lẹ́ ni, mà. Ẹni yẹn ń bọ̀ wálé." Obìnrin náà mi orí. Ó tilẹ̀ fi ìka nu ojú. Mímì orí yẹn ló ba ti ọkùnrin náà jẹ́. Kí ọdún tó yí po, ó ti ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá yà wọlé, títí kan ẹni tó wá tún iná ṣe. Nígbà tó yá, Ọ̀gá ilé àwòrán so káàdì mọ́ ọn láyà pé ó ti kúrò ní aṣọ́nà, ó ti di alálàyé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di orúkọ. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, òun sì gbà á bí oyè.

Àwòrán náà ò tóbi ju ojú tábìlì ènìyàn méjì lọ. Obìnrin kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí ló yà á, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí bàbá Alálàyé. Wọ́n ní ó rin ìrìn àjò nígbà èwe rẹ̀, ó bá àwọn ayàwòrán kan pàdé tí wọ́n máa ń gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì jáde sí gbangba. Àwọn yẹn kì í ya ilé, wọn kì í ya igi. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ilé àti igi ni wọ́n ń lé kiri bí ẹni ń lé adìyẹ, kó tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ lára wọn, ó padà wálé, ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ibi tí ìlú ti parí, ó sì ya ohun tó rí níbẹ̀. *Etí Ìlú* ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, kò ní rí ju àbàwọ́n ọ̀dà lọ, bí ìgbà tí ẹnìkan nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n bó bá sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, àbàwọ́n á di ilé mẹ́ta tó kẹ́yìn ìlú, igi méjì, kòtò omi kan, pápá, ọ̀nà tó gba àárín pápá kọjá, àti ènìyàn kan lójú ọ̀nà náà tí kò ju ìlà búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ. Alálàyé lẹ téèpù pupa mọ́lẹ̀ níbi ìṣísẹ̀ kẹrin. "Ẹ sún sẹ́yìn," á wí fún àwọn àlejò. "Ẹ má bẹ̀rù, ògiri ṣì jìnnà."

Ìgbà náà ni àlàyé á wá bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo ojú ọ̀run, bí oyin. Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ wo èéfín tó bo àwọn ilé yẹn, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń sè. Ẹ wá wo ẹni yìí. Láti àárọ̀ ló ti jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nǹkan dúdú tó gbé mọ́ àyà yẹn, ohun tó rà bọ̀ fún àwọn ọmọ ni. Ibi yòówù kó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà padà." Á wá rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Àwọn arúgbó tó máa ń wá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án nítorí ooru ti gbọ́ ọ débi pé wọ́n máa ń bá a wí i pọ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ní òun ń jìyà. Ó ní bí òun bá ní kó bá òun sọ ìkòkò kalẹ̀, á kọ́kọ́ ṣàlàyé ìkòkò.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń fi ilẹ̀ wíwọ̀n ṣe iṣẹ́ jẹun. Irú wọn lẹ máa ń rí létí títì, tí wọ́n di ojú kan, tí wọ́n fi èkejì wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé sí i láti ìlú ńlá kan tí ọkọ̀ ojú irin ń rìn fún ọjọ́ méjì kó tó dé. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó wá bá wọn wọn ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní oṣù kan láti fèsì. Ká ní olórí kunkun ni ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn: bàbá á bínú, ọmọ á lọ, bàbá á sì rí ẹjọ́ tí á máa rò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà jókòó tì í, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ yìí wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní lọ." Kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán.

Ọkàn Alálàyé ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò fẹ́ kó lọ. Ẹ̀rù ilé tí kò ní sí ọmọ nínú rẹ̀ ń bà á, kò sì rí ẹnu sọ ọ́, òun tó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Bàbá mìíràn á wí fún ọmọ rẹ̀ pé, àárò rẹ á sọ mí. Alálàyé mú tirẹ̀ lọ wo àwòrán.

Ọjọ́ Sátidé ni, kò sí àlejò. Ó mú un dúró sórí téèpù pupa, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, bí ẹni pé kì í ṣe ẹni tó ti mọ̀ ọ́n sórí láti ọmọ ọdún méje.

"Ẹni yìí," ó ní, "ṣé ó ń lọ ni, àbí ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, Bàbá."

"O rí i? Obìnrin tó ya àwòrán yìí, òun náà lọ. Ó rí ibi tó lọ. Kí ló wá padà wá yà? Etí ìlú ẹ̀."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹni ojú ọ̀nà yẹn pẹ́. "Mo ti gbọ́, Bàbá," ó ní. Nígbà tí wọ́n délé, ó ti lẹ́tà náà sábẹ́ àwọn ṣíbí nínú dúrọ́ọ̀, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́. Inú Alálàyé dùn. Ojú ń tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bí ojú ṣe ń tì í lọ, ó sì jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni obìnrin tó ń tún àwòrán ṣe dé. Ọ̀gá ló ránṣẹ́ sí i pé àwọn àwòrán yàrá kẹta ti gbó. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó jẹ́ kí ọkàn Alálàyé má fà mọ́ ọn. Ó sọ Etí Ìlú kalẹ̀ lára ìṣó, ó gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Alálàyé ń ṣàlàyé ìṣó fún àwọn àlejò.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àǹtí yọ orí síta. "Bàbá Alálàyé, ẹ wá wo nǹkan."

Àwòrán náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì lábẹ́ iná funfun. Alálàyé wò ó, ó sì rò pé òmíràn ni. Ojú ọ̀run rẹ̀ ti búlúù, pẹ̀lú funfun àti àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀. Pápá ti tutù yọ̀yọ̀. Omi kòtò ń dán.

"Ta ló kun èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kun ún, sà. Mo kàn nù ún ni."

"Ìrọ̀lẹ́ mi dà?"

Àǹtí na ọwọ́ sí ìgò ńlá kan tó kún fún òwú tó fi nu àwòrán náà, tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀. "Òun nìyí," ó ní.

Ó wá ṣàlàyé fún Alálàyé, ìyẹn nìkan ti tó ìyà. Fáníìṣì tí wọ́n fi pa ojú àwòrán láyé àtijọ́ máa ń pọ́n bó bá ti ń gbó, ó ní. Oyin ojú ọ̀run, fáníìṣì ni. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni obìnrin yẹn yà. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò yé mi. Dúdú tó wà nísàlẹ̀, níbi àwọn ilé yẹn, kì í ṣe fáníìṣì. Èéfín karosíìnì ni. Ó jọ pé ẹnìkan ń dáná lábẹ́ àwòrán yìí fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ mọ ẹni náà?"

Alálàyé wo òkè àjà. Ó mọ ẹni náà. Wọ́n jọ ń fá irùngbọ̀n nínú dígí kan náà láràárọ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi ní sítóòfù kékeré kan lábẹ́ Etí Ìlú, tó ń fi se tíì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹta bí òtútù bá mú, títí Ọ̀gá fi gbé òfin jáde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná nínú ilé àwòrán mọ́. Gbogbo oúnjẹ alẹ́ tí àwọn ará ilé mẹ́ta yẹn ń sè látọjọ́ yìí, tíì tirẹ̀ ni.

"Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé tó kẹ́yìn," Àǹtí wí. "Abẹ́ èéfín ló wà."

Ìlà funfun kékeré kan wà níbẹ̀, òmíràn sì yọ lára rẹ̀, ó na sókè. Alálàyé bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ kẹta ló fi ẹ̀yìn sọ ògiri, nítorí yàrá náà kéré, ṣùgbọ́n ó tó. Ènìyàn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹni ojú ọ̀nà náà ti mọ́ kedere, nǹkan dúdú tí Alálàyé ti fi ọdún mọ́kàndínlógún gbé mọ́ ọn láyà kò sì sí láyà rẹ̀. Ẹrù ni, okùn rẹ̀ wà léjìká, ẹ̀yìn ló pọ̀n ọ́n sí, ẹ̀yìn náà ló sì kọ sí ilé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Alálàyé ò tiẹ̀ rí ogún ọdún lò.

"Alálàyé!" Ọ̀gá ló ń ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Agogo mẹ́rin ọ̀la ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo àwòrán tuntun wa o. Ṣé àlàyé ti wà nílẹ̀?"

"Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, sà," ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré. Ọjọ́ Jímọ̀, ìyẹn ọ̀túnla, ni oṣù kan tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ máa pé.

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó délé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ sítóòfù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. "Ọdún mẹ́jọ lẹ fi ń se tíì sójú àwòrán," ó ní, "ẹ wá fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣàlàyé èéfín ara yín!"

"Rẹ́rìn-ín tán, ká sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo lè ní ó ń kí ẹni tó ń bọ̀ káàbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbé ọwọ́ kíni."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. "Ẹ lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn á sì gbà yín gbọ́. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀." Ó dìde, ó ń na aṣọ tó ti run. "Ó ti ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ yín lọ́la."

Kí oúnjẹ tó jinná, Alálàyé ti kọ àlàyé mẹ́rin wò sẹ́yìn àpòòwé kan. Nínú àkọ́kọ́, ẹni náà gbàgbé nǹkan nílé. Nínú ìkejì, kì í ṣe ilé rẹ̀ nìyẹn, ilé rẹ̀ wà níwájú. Nínú ìkẹta, ó ń bọ̀ wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Alálàyé ka èyí sókè, ojú sì tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ọbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ti ọwọ́ tí wọ́n fi ń kíni káàbọ̀, ó dùn ún gbọ́, ó sì fi sápò.

Àwọn àlejò pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, Àǹtí ká aṣọ kúrò lójú àwòrán, gbogbo ènìyàn ní háà. Alálàyé bọ́ síwájú.

"Ẹ sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin," ó ní. Wọ́n sún. Ó na ọwọ́ sí àwòrán, ẹnu tó ti mọ ọ̀nà ara rẹ̀ sì ṣáájú orí lọ: "Ẹ wo ojú ọ̀run, bí oyin…"

Ojú ọ̀run náà búlúù, ó mọ́ gaara. Tíṣà àgbà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tó máa ń bá a wí i pọ̀, fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Alálàyé," ó ní, "oyin dà?"

"Ó wà nínú ìgò, mà. Ní yàrá ẹ̀yìn." Ó wá rí i pé kò síbi tí òun lè sá gbà mọ́. "Ẹ forí jì mí. Òwúrọ̀ ni. Òwúrọ̀ ló ti jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á. Fáníìṣì tó gbó ló sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́, èmi náà sì ràn án lọ́wọ́. Èéfín oúnjẹ alẹ́ tí mo máa ń fi hàn yín yẹn, tíì ni mò ń sè lábẹ́ ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sunkún níbí rí, tíì mi lẹ sunkún sí."

Gbogbo yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú. Tíṣà àgbà di ògiri mú. Alálàyé náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dun òun tó bí òun ṣe rò. Ìgbà náà ló rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ọmọ náà wí, "ẹni ojú ọ̀nà yẹn, ṣé ó ń lọ ni, àbí ó ń bọ̀?"

Alálàyé mọ ìbéèrè náà. Òun ló kọ́ ọ. Irọ́ tó dùn wà lápò rẹ̀ lẹ́yìn àpòòwé, gbogbo ènìyàn sì ń retí.

"Ó ń lọ," ó ní. "Ẹrù wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ti kọ ẹ̀yìn sílé."

"Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Kí ni wọ́n ń sọ?"

Kò kọ èyí sẹ́yìn àpòòwé. Ó yíjú sí ìlà funfun kékeré tó ti fi èéfín ọdún mẹ́jọ bò mọ́lẹ̀, ó sì wò ó dáadáa.

"Kò fẹ́ kó lọ," ó ní. "Kò fẹ́ rárá. Ẹ̀rù ń bà á, ilé yẹn á tóbi jù fún un lọ́la. Ó yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àlàyé ló ń ṣe kiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ yẹn. Ẹni tá a bá fẹ́ dá dúró, a kì í gbé ọwọ́ sókè sí i, a máa ń dì í mú ni. Ó ń sọ pé kó máa lọ. Ó ní ọ̀nà á là. Ó ní kó má tìtorí òun wẹ̀yìn."

"Ṣé wọ́n ń sunkún?"

"Ìlà búrọ́ọ̀ṣì méjì péré ni, kò sáyè fún omijé níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ aṣọ iṣẹ́ nu imú. "Bó bá sì tiẹ̀ ń sunkún, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran."

Ọmọ rẹ̀ mi orí. Láti ọjọ́ obìnrin alágbòjò, kò sí mímì orí tó wọ Alálàyé lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́tà kúrò lábẹ́ àwọn ṣíbí, èsì sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lówùúrọ̀ kùtùkùtù, ọmọ náà ní kí wọ́n dágbére fún òun lẹ́nu ọ̀nà ilé, kí òun má bàa sunkún nídìí ọkọ̀ ojú irin. Ó gbé àpò dání, ó pọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń lọ. Alálàyé gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí ọmọ náà fi máa dé ìparí àdúgbò, kò ju ìlà mẹ́ta lọ mọ́: irun, ẹ̀wù, ẹrù. Kò wẹ̀yìn. Ó ti gbọ́ àlàyé.

"Ẹ sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀, Bàbá ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó pẹ́. "Ó ti yà ní kọ́nà."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná," Alálàyé dáhùn. "Ẹni tó ń ya àwòrán wa lè má tíì ṣe tán."

Apá ti ń ro ó, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ kalẹ̀.